Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìṣirò? Ìtàn Bí Fáìlì Excel Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Kàn Án

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kan àpótí ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ sí aṣọ tí ẹni tí ó rà á kó sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí ní ọjà tàbí ní agboolé. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ogún ọdún, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ìjọba káàkiri ayé ni ó kó owó oṣù, orúkọ òṣìṣẹ́, gbèsè àti èrè wọn sínú àpótí kan tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kàn án ni ó mọ bí a ti ń ṣí i dáadáa. Àpótí náà ni fáìlì tí àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ń pè ní spreadsheet, fi ń tọ́jú ohun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú wọn. Bí àwọn kan ṣe kọ́ láti ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe láìní ètò tí ó kọ ọ́ lórí ẹ̀rọ wọn, kì í ṣe ìtàn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ìtàn ẹ̀tọ́ ni. Ta ló ni àkọsílẹ̀: ẹni tí ó kọ ọ́, àbí ẹni tí ó ta gègé?

Láti ojú pátákó dé orí kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1978, Dan Bricklin jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ okòwò ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lójú pátákó kún fún ìlà àti òpó. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, àfi kí wọ́n pa ọ̀pọ̀ mìíràn rẹ́, kí wọ́n sì tún wọn ṣírò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bricklin rò ó pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà lè ṣe àtúnṣe náà fúnra rẹ̀. Òun àti Bob Frankston dá ilé-iṣẹ́ Software Arts sílẹ̀, wọ́n sì kọ VisiCalc, èyí tí ó jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II ní ọdún 1979. Ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bíi A1 tàbí B7. Bí ènìyàn bá yí iye kan padà ní ojúlé kan, gbogbo ojúlé tí ó gbára lé e yóò yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń gba oníṣirò owó ní ọ̀pọ̀ wákàtí di ohun ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀ kò fẹ́ kí nọ́ńbà há sínú rẹ̀. Software Arts fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìlànà kan tí ó ń jẹ́ DIF jáde, tí ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ gbangba kí ètò mìíràn lè kà á. Ṣùgbọ́n ọjà gba ibòmíràn lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Mitch Kapor àti Jonathan Sachs gbé Lotus 1-2-3 jáde fún kọ̀ǹpútà IBM, kò sì pẹ́ tí ó fi gba ipò iwájú lọ́wọ́ VisiCalc. Microsoft náà gbé Excel jáde fún Macintosh ní ọdún 1985, ó sì mú un wá sórí Windows ní ọdún 1987.

Nínú ìjàdù yìí ni àṣìṣe kan ti di ogún ìran. Àwọn ètò wọ̀nyí kì í kọ ọjọ́ sílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń kọ ọ́. Iye ọjọ́ ni wọ́n ń kà, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900. Lotus gbà pé ọdún 1900 ní ọjọ́ 366, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ó parí ọgọ́rùn-ún kì í ní ọjọ́ kan lé àyàfi bí a bá lè fi 400 pín in láìṣẹ́kù. Nígbà tí Excel fẹ́ gba àwọn oníbàárà Lotus, kò lè tún àṣìṣe náà ṣe, nítorí pé gbogbo ọjọ́ inú fáìlì àtijọ́ ni ì bá yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Nítorí náà, títí di òní, ọjọ́ ọgọ́ta nínú Excel ni ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1900, ọjọ́ tí kò sí rí. Ní ti Macintosh, ọdún 1904 ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí ó ń ka fáìlì náà kò bá wo èyí tí wọ́n lò nínú méjèèjì, gbogbo ọjọ́ yóò fi ọjọ́ 1,462 ṣì, ìyẹn ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka fáìlì Excel láìlo Excel ní láti mọ ìtàn kí ó tó mọ ìṣirò.

Àkọtọ́ tí ó ṣòro kà

Bí èdè ṣe ní àkọtọ́, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì ní ti rẹ̀: ìlànà tí ó ń sọ bí a ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀ àti bí a ṣe ń kà á. Àkọtọ́ tí Excel lò ní ìgbà náà ni wọ́n ń pè ní BIFF. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ojú ènìyàn lè kà. Báìtì ni wọ́n tò tẹ̀ léra wọn ní ìpín kéékèèké. Ìpín kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó ń sọ irú ohun tí ó jẹ́, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ó ti gùn tó, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà Excel 5 ní ọdún 1993, wọ́n tún kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì alágbo, tí ó ní àwọn iyàrá nínú bí ilé ńlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibi tí nọ́ńbà wà yóò kọ́kọ́ mọ ọ̀nà inú ilé náà.

Excel 97 mú ìyípadà kan wá tí ó kan àwọn tí ń kọ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ṣáájú rẹ̀, báìtì kan ṣoṣo ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní, tábìlì lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò ni ó sì ń pinnu ohun tí báìtì náà túmọ̀ sí. Tábìlì ti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ní á àti è, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Orúkọ bí Adéṣọlá kò lè wọ inú rẹ̀ láìpàdánù àmì. Excel 97 bẹ̀rẹ̀ sí í lo Unicode, èyí tí ó ní àyè fún àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Ẹ̀dà yìí kan náà ni ó fi iye ìlà sí 65,536, òpó sì wà ní 256. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn yóò tún jẹ yọ nínú ìtàn yìí.

Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, Microsoft kò fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ pátápátá. Ìwé kan jáde fún àwọn òǹkọ-ètò ní ìgbà Excel 97, tí ó ṣàlàyé bí fáìlì náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìwé títà yàtọ̀ sí ìlànà tí gbogbo ayé jùmọ̀ ní. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àtúnṣe, àfikún àti ìyọkúrò wà.

Ìránṣẹ́ tí ń dúró de ẹni tí kò sí

Ọ̀nà tí Microsoft là sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ètò mìíràn ṣiṣẹ́ lórí fáìlì Excel ni pé kí ètò náà ṣí Excel gan-an, kí ó sì máa pàṣẹ fún un: ṣí fáìlì yìí, kọ nọ́ńbà sí ojúlé yẹn, tọ́jú rẹ̀. Lórí tábìlì akọ̀wé kan, ó ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro dé nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí ẹ̀rọ ńlá, tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀, máa pèsè ìwé ìṣirò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. A kọ Excel fún ènìyàn kan tí ó jókòó síwájú rẹ̀. Bí nǹkan bá rú u lójú, yóò gbé ìbéèrè jáde lójú ẹ̀rọ, yóò sì dúró kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì. Ní iyàrá tí kò sí ènìyàn, ìdúró náà kò lópin. Microsoft fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò dámọ̀ràn lílo Office lọ́nà bẹ́ẹ̀ lórí server, òun kò sì ní ṣe onídùúró fún un. Lẹ́yìn èyí ni owó ìwé-àṣẹ, àti pé ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lo Linux kò ní ọ̀nà yìí rárá.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí rọrùn láti rí. Nọ́ńbà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ó kó wọn jọ, ṣùgbọ́n kí ó tó lè fọwọ́ kàn wọ́n, yóò gba ọ̀dọ̀ ètò tí ẹlòmíràn ni.

Àwọn tí ó ka báìtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ibi tí ọ̀nà bá ti dí ni àwọn kan ti ń la ipa ẹsẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn òǹkọ-ètò lò kò ju ti ọmọdé tí ń tú rédíò lọ. Ẹ tọ́jú fáìlì kan tí ó ní nọ́ńbà 1 nínú ojúlé kan. Ẹ yí i sí 2, kí ẹ tún un tọ́jú. Ẹ fi fáìlì méjèèjì wéra ní báìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ní ẹgbẹ̀rún ìgbà yóò mọ àkọtọ́ náà díẹ̀díẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn tí ń lo èdè kọ̀ǹpútà Perl rí irinṣẹ́ méjì gbà lọ́fẹ̀ẹ́: John McNamara kọ èyí tí ń ṣẹ̀dá fáìlì Excel, Kawai Takanori sì kọ èyí tí ń kà á. Ní ọdún 2001, Andrew Oliver bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó di Apache POI fún èdè Java. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà. Ohun tí àwọn olùdásílẹ̀ ń sọ ni pé ó dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi fáìlì náà pamọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi í pamọ́ dáadáa, nítorí pé àwọn ti tú u. Ẹ̀ka tí ń ka Excel nínú rẹ̀ ni wọ́n sọ ní HSSF, èyí tí ń ṣàpèjúwe àkọtọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó burú jáì. Ní ilẹ̀ Jámánì, ètò StarOffice tí Sun Microsystems rà ní ọdún 1999 di OpenOffice.org, tí wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2000. Daniel Rentz, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kọ àlàyé kíkún nípa àkọtọ́ fáìlì Excel, ọ̀pọ̀ òǹkọ-ètò mìíràn sì fi í ṣe atọ́nà.

Ogun lórí ìlànà

Nígbà tí ó di ọdún 2005, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ó di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àjọ OASIS fọwọ́ sí ìlànà OpenDocument, tí a kọ ní gbangba, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ìwé òun yóò máa wà ní ìlànà tí ó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ṣòro láti lóye: ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣeé kà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, yálà ẹni tí ó ta ètò ṣì wà tàbí kò sí mọ́. Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e gbóná, ó sì mì ìpínlẹ̀ náà.

Microsoft fèsì pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀, Office Open XML, tí fáìlì xlsx jẹ́ apá kan rẹ̀. Àjọ Ecma fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2006, ìwé àlàyé rẹ̀ sì ju ojú-ewé 6,000 lọ. Nígbà tí ó dé iwájú ISO, àjọ àgbáyé tí ń gbé ìlànà kalẹ̀, ó fìdí rẹmi nínú ìdìbò oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ó sì yege ní ìgbà kejì ní ọdún 2008. Gúúsù Áfíríkà, Bràsíìlì, Íńdíà àti Fẹnẹsúélà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí bí wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n a kò dá wọn láre. Àwọn alátakò sọ pé ìlànà náà gùn jù, pé ó sì gbé àwọn àṣìṣe àtijọ́ lọ́wọ́, ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1900 pẹ̀lú. Òtítọ́ wà nínú ohun tí wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ìjà náà so èso. Ní oṣù kejì ọdún 2008 kan náà, Microsoft tẹ àlàyé àkọtọ́ àtijọ́ ti Excel jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́.

Ohun tí ó wà nínú àpótí

Ẹni tí ó bá mú fáìlì xlsx lónìí, tí ó sì yí ìparí orúkọ rẹ̀ padà sí zip, yóò rí i pé ó ṣí. Àwọn fáìlì ọ̀rọ̀ gbangba ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń ka orúkọ àwọn ojú-ìwé. Òmíràn ní ìlà àti ojúlé. Òmíràn ní àwọ̀ àti irú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ojúlé kì í sábà wà níbẹ̀ gan-an. Inú àkójọ kan ni ó wà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ojúlé kọ̀ọ̀kan sì mú nọ́ńbà tí ó ń tọ́ka sí i. Bí orúkọ ìlú Ìbàdàn bá fara hàn ní ẹgbẹ̀rún ìlà, ẹ̀ẹ̀kan ni a kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí ìṣípayá yìí, irinṣẹ́ pọ̀ sí i. Eric Gazoni bẹ̀rẹ̀ openpyxl fún èdè Python ní ọdún 2010. McNamara kan náà tún kọ XlsxWriter. LibreOffice náà lè ṣiṣẹ́ láìṣí ojú fèrèsé kankan lórí ẹ̀rọ. Ìlà kóòdù mẹ́wàá lè tún ẹgbẹ̀rún fáìlì ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí Excel kò dé rí.

Ṣùgbọ́n kíkà kì í ṣe ìṣirò. Bí ojúlé kan bá ní fọ́múlà, nǹkan méjì ni fáìlì ń tọ́jú: fọ́múlà náà, àti èsì ìkẹyìn tí Excel rí. Openpyxl lè kọ fọ́múlà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí owó oṣù padà, tí ó sì ka àpapọ̀ láìjẹ́ kí ètò ìṣirò kan ṣí fáìlì náà, kò ní rí àpapọ̀ tuntun. Bákan náà, ohun tí irinṣẹ́ kò mọ̀, bí àwọn àwòrán tí a yà sójú ìwé, lè pòórá nígbà tí ó bá tún fáìlì náà tọ́jú. Ọlọgbọ́n a máa fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pamọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àìbìkítà ń ná ni

Ní ìgbà àrùn Kòrónà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san owó ẹ̀kọ́ yìí. Láàrin ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án àti ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò wọ inú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Èsì láti ilé àyẹ̀wò ń wá ní ọ̀rọ̀ gbangba, ṣùgbọ́n a ń kó wọn sínú fáìlì xls àtijọ́, tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Níwọ̀n bí èsì ẹnì kan ṣe ń gba ìlà mélòó kan, àpótí náà tètè kún, èyí tí ó kù sì dànù láìsí ariwo. Àwọn aláìsàn gbọ́ èsì tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti bá pàdé kò tètè gbọ́ ìkìlọ̀. Fáìlì xlsx, tí ó ń gba ìlà 1,048,576, ti wà fún ọdún mẹ́tàlá nígbà náà.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti fara gbá a. Àwọn apilẹ̀ àbùdá kan wà tí orúkọ wọn jẹ́ MARCH1 tàbí SEPT2, Excel a sì máa sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ inú oṣù. Ìwádìí kan ní ọdún 2016 rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àpilẹ̀kọ tí ó ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni ó ní àṣìṣe yìí. Ní ọdún 2020, àwọn tí ń sọ apilẹ̀ àbùdá lórúkọ yí orúkọ náà padà sí MARCHF1 àti SEPTIN2. Ènìyàn ni ó yí ìmọ̀ rẹ̀ padà kí ètò lè rí i kà.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kan Ìbàdàn, Èkó àti Kútọnu bí ó ti kan London. Owó ìfẹ̀yìntì, àkójọ orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìṣirò ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó há sínú àkọtọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀. Nígbà tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ra ètò, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò yẹ kí ó jẹ́ èló ni. Ó yẹ kí ó jẹ́ pé bí olùtajà bá kú lọ́la, tàbí bí owó ìwé-àṣẹ bá tán, ṣé àkọsílẹ̀ wa yóò ṣì ṣeé ṣí? Ìbéèrè kejì ni pé ṣé orúkọ àwọn ènìyàn wa, pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ wọn, yóò bọ́ nínú rẹ̀ bí a ṣe kọ wọ́n? Àwọn tí ó jókòó tí wọ́n ń fi báìtì wé báìtì ní ogún ọdún sẹ́yìn ni ó jẹ́ kí bẹ́ẹ̀ ni lè jẹ́ ìdáhùn. Ojúṣe ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ìrajà ni kí ó béèrè.